Ṣéènì Tí Mo So fún Kánkán

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń rò ó káàkiri ti bu iyọ̀ tiwọn mọ́ ọn. Télọ̀ aládùúgbò mi ní mo sunkún. Mi ò sunkún. Òógùn ló ṣàn wọ̀ mí lójú, ẹni tó bá gun òkè ọsibítù lọ́jọ́ orí mi ló lè bi mí ní ìbéèrè.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe. Ó ti lé lógójì ọdún. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi, àmọ́ okùn méjì wà lára òrùlé ẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀kan kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo máa ń fi èkejì kọ́ ìjókòó ẹ̀, kẹ̀kẹ́ á wá dúró gangan níwájú àyà mi bí ìgbà tí ẹnì kan ń gùn ún lójú afẹ́fẹ́. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Orúnkún mi ti kọ̀wé fi bíbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Kánkán ni àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin ni. Ìyá ẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí oṣù mẹ́jọ péré ló lò níkùn tó fi ní òun ò dúró mọ́. Títí dòní, tí ẹ bá gbé oúnjẹ fún un, ìdúró ló máa jẹ ẹ́ tán. Lẹ́tà ló ń gbé láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, kẹ̀kẹ́ ló sì ń fi gbé e. Kẹ̀kẹ́ wo? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo èèyàn ń gùn, tó bá ti ń sáré, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ sinmi, wíìlì á máa yí lọ, á máa dún tíkí-tíkí-tíkí. Ti Kánkán ò mọ ìsinmi. Irin eléyín tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lẹ̀ mọ́ wíìlì gbágbá. Bí wíìlì bá ń yí, pẹ́dàlì ń yí. Bí pẹ́dàlì bá ń yí, ẹsẹ̀ yín ń yí, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ lẹ máa fi ta kò ó títí tó fi máa gbọ́. Ohun tó jẹ́ kó tú bíréèkì ẹ̀ dànù nìyẹn.

"Ẹsẹ̀ mi ni bíréèkì mi, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ kọ́, ṣéènì ni. Ṣéènì ló so ẹsẹ̀ ẹ mọ́ wíìlì. Lọ́jọ́ tó bá já, kí lo máa fi dúró, àdúrà?"

Ọdún kan gbáko la ti ń ja ìjà yìí. Ó ti sú ìyá ẹ̀. Ó ní tí òun bá gbọ́ bíréèkì nílé òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á kó lọ sílé àbúrò òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti so kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kọ́ sórí okùn méjèèjì, mo ti tú ìfun ẹ̀ sórí tábìlì, ni Kánkán gbé kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ wọlé léjìká. Ṣéènì ẹ̀ ti gbó, ó ti dẹ̀ bí okùn ṣòkòtò arúgbó. Ó ra tuntun dání.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta wà nínú báàgì mi. Lọ́yà, ọsibítù, àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó wà létí odò. Ẹ bá mi so ó kíá."

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Ṣéènì ni mo ní."

Télọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì, tí a jọ dàgbà, tí etí ẹ̀ máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ju tiẹ̀ lọ, ní, "Ẹ ṣáà fún mi ní àlàáfíà kí n fi òwú bọ abẹ́rẹ́."

Okùn ò ṣófo. Mi ò lè sọ tọ̀gá ilé-ìwé kalẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe wà ní ìhòòhò yẹn. Mo wá ní kí Kánkán dojú kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ dé, kó gbé e lé ìjókòó àti ọwọ́ ẹ̀, kí wíìlì méjèèjì máa wo òkè. Mo fa àpótí, mo jókòó tì í. Ló bá na ọwọ́ kó bá mi yí wíìlì. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá."

"Màá fi ẹ́ sílẹ̀ tí mo bá ṣe tán tí ìka ẹ ṣì pé mẹ́wàá."

Torí kẹ̀kẹ́ mìíràn, tí ìka bá há sáàárín ṣéènì àti eyín, pẹ́dàlì á dúró, ẹ ó kígbe, ẹ ó yọ ọ́. Eléyìí ò ní dúró. Wíìlì tó ń yí á máa fa ṣéènì, ṣéènì á fa ìka wọlé, á gbé e yí irin ká. Èmi àti ẹnì kan jọ kọ́ṣẹ́, ó ń fi àkísà nu ṣéènì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń yí lọ́wọ́. Àkísà ló kọ́kọ́ wọlé. Ìka ló tẹ̀ lé e. Mo wá gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ Télọ̀, mo fi so wíìlì mọ́ irin kẹ̀kẹ́ pinpin kó tó di pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì ò le. Ẹ ó jẹ́ kí orí méjèèjì pàdé, ẹ ó ti irin oníka méjì bọ ihò wọn, ẹ ó fi irin pẹlẹbẹ kan bò ó, ẹ ó wá fi kílíìpù kékeré tì í pa. Kílíìpù yẹn ló ni ọ̀rọ̀. Bí ẹja ló ṣe rí: orí ẹ̀ dí, ìrù ẹ̀ là sí méjì. Ẹja kì í fi ìrù ṣáájú nínú omi. Ibi tí ṣéènì bá ń lọ ni orí ẹja gbọ́dọ̀ máa wò. Tí ìrù bá lọ ṣáájú, ohunkóhun tó bá gbá a, bó ṣe etí ṣòkòtò ni o, bó ṣe igi wẹ́wẹ́ ni o, á tì í jáde. Kílíìpù bọ́, pẹlẹbẹ ṣí, ṣéènì já.

Mo so ó. Mo fi ẹ̀mú tẹ kílíìpù, ó dún kẹ́. Mo tú àjákù aṣọ, mo fa wíìlì sẹ́yìn kí ṣéènì le díẹ̀, mo de nọ́ọ̀tì. Gbogbo ìgbà yẹn ẹnu wa ò dákẹ́.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," mo sọ fún un.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í tètè dé ọ́fíìsì lọ́yà," ó dá mi lóhùn. Ó gbé e, ó lọ.

Ó tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà kí n tó kan ṣéènì ọ̀gá ilé-ìwé. Kẹ̀kẹ́ wà lórí okùn, ó dúró bó ṣe yẹ kí kẹ̀kẹ́ dúró. Mo mú kílíìpù, ọwọ́ mi gbé e lọ fúnra ẹ̀, ó kọ orí ẹja sí apá ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà. Mo ní, bí mo ṣe ṣe ti Kánkán nìyẹn.

Mo dá ọwọ́ dúró.

Ẹ gbọ́ mi yé. Lórí kẹ̀kẹ́ tó dúró, ṣéènì òkè ń lọ síwájú, ti ìsàlẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Láti ogójì ọdún, ti òkè ni mo máa ń so, torí òun ló wà lábẹ́ ọwọ́ mi, màá sì kọ orí ẹja sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ mi ò mọ òmíràn. Láàárọ̀ yẹn, kẹ̀kẹ́ ti dojú dé. Èyí tó wà lókè lábẹ́ ọwọ́ mi, ti ìsàlẹ̀ ni, èyí tó ń padà sẹ́yìn. Mo sì tún kọ orí ẹja sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ìyẹn ni pé ìrù ló ń ṣáájú.

Mo pe fóònù ẹ̀. Ó dún, ó dún. Inú báàgì ló máa ń jù ú sí tó bá ń gun kẹ̀kẹ́.

"Ṣé o rántí pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe é?" Télọ̀ bi mí.

"Mi ò rántí. Ẹnu ni mò ń jà, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́."

"Ó lè jẹ́ pé o ṣe é dáadáa nígbà náà."

"Ó lè jẹ́."

"Jókòó, jàre. Kì í ṣòní lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Mo jókòó. Mo dìde. Mo mú ẹ̀mú, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà lọ lọ́kàn: ilé lọ́yà wà nítòsí, ọsibítù wà lórí òkè, àtorí òkè sí etí odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ojú ọ̀nà, ó ṣe tààrà bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ni títì ńlá tí àwọn tírélà ń gbà kọjá wà. Ibẹ̀ lọmọ mi máa fẹsẹ̀ ta kò ó kó lè dúró. Ibẹ̀ ni ṣéènì á ti rí iṣẹ́ ṣe.

Mo kó kílíìpù tuntun mẹ́ta sínú páálí ìṣáná, mo ki ẹ̀mú bọ àpò.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kì í ní kẹ̀kẹ́. Ti ọ̀gá ilé-ìwé ò ní ṣéènì. Èyí tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ni ti oníbúrẹ́dì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó gbé àpótí ńlá síwájú. Mo ti tún un ṣe, olówó ẹ̀ ni ò tíì wá. Mo gùn ún. Télọ̀ ní, "O ò ní gbádùn ẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Mi ò tíì kọjá ilé kẹwàá tí ìyá kan ti na ọwọ́ dá mi dúró.

"Oníbúrẹ́dì, ẹ fún mi ní méjì."

"Kò sí búrẹ́dì, ìyá."

"Kí ló wà nínú àpótí?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kí lẹ wá ń gbé kiri láàárọ̀ kùtù?"

Mo gùn ún kọjá. Àwọn mẹ́rin mìíràn dá mi dúró kí n tó dé ilé lọ́yà. Ẹnì kan tiẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ní mò ń fi búrẹ́dì pa mọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́yà, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ìwà jẹ́jẹ́ yẹn ló fẹ́ pa mí.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ọmọ yín wá. Ó ti lọ. Ó máa tó... ẹ jókòó ná kí n rántí dáadáa."

"Mi ò jókòó. Ṣé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń dún?"

"Kẹ̀kẹ́ wo ni kì í dún, Bàbá?"

"Ṣé ó ń dún kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan?"

Ó ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ báyìí, ó dà bíi pé mo gbọ́ ọ."

Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ lóòótọ́ àbí ó kàn fẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti padà sórí ìjókòó. Òkè ọsibítù yẹn, mo gun ìdajì ẹ̀, mo fẹsẹ̀ rin ìdajì tó kù, mò ń ti àpótí tó ṣófo bí ẹni ti òkú màlúù. Ibi tí òógùn ti wọ̀ mí lójú nìyẹn. Gbogbo òkúta tí mo bá rí nílẹ̀, màá wò ó bóyá kílíìpù ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìdérí ìgò kan. Orúnkún mi rán mi létí pé òun ti kọ̀wé.

Nínú ọsibítù, èèyàn tò lọ súà níwájú tábìlì. Mo kọjá gbogbo wọn. Omidan tó jókòó níbẹ̀ ò gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ tò."

"Mi ò ṣàìsàn, ọmọ mi."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó ń gbé lẹ́tà ni mò ń wá. Obìnrin. Ó máa ń kánjú."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Bóyá ó rí nǹkan lójú mi. "Ó tò títí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́ tán ni. Ó ní òun fẹ́ bu omi mu níta."

Mo sáré. Ẹ má bi mí irú eré wo.

Ó wà lẹ́nu géètì, níbi tí ọ̀nà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti wà lórí pẹ́dàlì. Mo pè é. Ó yí ojú padà, ó rí mi, ó rí kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì lẹ́yìn mi, ó fajú ro lójú ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ bíréèkì tọ̀ mí wá síbí?"

"Kì í ṣe bíréèkì. Dúró."

"Ìrọ̀lẹ́ la máa parí ẹ̀ nílé. Lẹ́tà ń dúró dè mí." Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Mi ò dá a lẹ́bi. Ọdún kan ni mo fi ń sọ "dúró" fún un, bíréèkì ló sì máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí mo bá tún sọ, ó ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu mi. Ìyá ẹ̀ gan-an ò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ la ti fẹ́ra láti ọdún méjìdínlógójì. Lọ́jọ́ tí mo fi iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà, mo mu ún tán, mo ní bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

Mo ké sí i lójú gbogbo aláìsàn: "Kánkán, àṣìṣe mi ni. Mo so ṣéènì ẹ sódì."

Ó wẹ̀yìn. Mo rí i tí itan ẹ̀ le, tó fẹ́ fẹsẹ̀ ta kò ó kó lè dúró. Ohun tí mo torí ẹ̀ sáré wá gan-an nìyẹn.

"Má fẹsẹ̀ dá a dúró. Yà sínú koríko. Yà."

Ẹ wò ó, ọmọ yẹn kì í gbọ́ràn. Ọjọ́ yẹn, ó gbọ́. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó wọ inú òdòdó ọsibítù tòun ti báàgì, ó ṣubú sínú ẹ̀ yakata. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ó ti jókòó, ewé wà lórí ẹ̀, kẹ̀kẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wíìlì ṣì ń yí, tí pẹ́dàlì ń yí tẹ̀ lé e bí ẹni pé iwin ló ń gùn ún.

"Má fọwọ́ kàn án," mo ní. "Jẹ́ kó dúró fúnra ẹ̀."

A jọ ń wò ó. Ó yí, ó yí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo rọra fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì títí kílíìpù fi yọjú. Ìrù ló ń ṣáájú. Apá kan ìrù yẹn ti yọ kúrò nínú ojú ibi tó yẹ kó wọ̀, ó là sílẹ̀ bí ẹnu alángbá tó ń mí nínú oòrùn. Apá kan tó kù ló ń di gbogbo ẹ̀ mú.

Mo fi hàn án. Kánkán wò ó, ó wo ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀, tírélà kan ń kọjá nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó kéré bí páálí bàtà.

Mo ṣí páálí ìṣáná. Kílíìpù tó bá ti là lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ jù ú nù. Àmọ́ bí mo ṣe ń mú ọ̀kan, méjì bọ́ sínú òdòdó.

"Ẹ gbé e wá," ó ní.

"O ò ṣe é rí."

"Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe é."

Mo di kẹ̀kẹ́ mú ní ìdúró. Ó bọ́ bẹ́líìtì ìdí ẹ̀, ó fi so wíìlì mọ́ irin kó má bàa yí, mi ò tíì sọ fún un. Ó tú ti tẹ́lẹ̀, ó gbé pẹlẹbẹ padà, ó mú kílíìpù dání.

"Orí ẹ̀ máa wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́?"

"Fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Òun ló tàn mí. Ibi tí ṣéènì ń lọ ni kó o wò."

Ó tú bẹ́líìtì, ó yí pẹ́dàlì díẹ̀, ó wo ibi tí ṣéènì ń lọ. Ó tún so wíìlì. Ó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Ó wá tú u, ó yí pẹ́dàlì, ìka ẹ̀ jìnnà sí eyín, ẹja kọjá níwájú wa, orí ló ń ṣáájú. Ó ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó ku lẹ́tà kan. Kò gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìbàdí ń ro òun, mi ò mọ̀ bóyá ìbàdí ni, mi ò bi í. A jọ fẹsẹ̀ rìn, ó ń ti tiẹ̀, mò ń ti àpótí búrẹ́dì mi, mo sì di bíréèkì ẹ̀ mú gírígírí. Nígbà tí a rìn dé ìdajì, ó bi mí.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ mélòó lẹ ti dojú ẹ̀ dé so báyìí rí?"

Mo fẹ́ ní kò sí. Ó ti wà lẹ́nu mi. Mo wá rántí pé okùn kan já lóṣù tó kọjá, ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí n tó rí òmíràn so.

"Ti káfíńtà," mo ní. "Àti ti ayàwòrán. Àti ti..." Mi ò rántí ẹnìkẹta. Obìnrin ni. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀ pupa.

"Wọ́n ní bíréèkì?"

"Wọ́n ní."

"Ó sàn."

Kò sàn lára mi. Bó ṣe fi lẹ́tà sílẹ̀ létí odò tán, ilé káfíńtà la gbà lọ tààrà. Ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Ó rí wa, ó rí ewé lórí Kánkán, ó rí kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì.

"Ṣé kò sí, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́? Ẹ ti yí iṣẹ́ padà?"

"Ó ṣeé ṣe kí n ti so ṣéènì rẹ sódì. Jẹ́ kí n wò ó."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi."

Ó dá ayùn dúró. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó, Kánkán gbé wíìlì ẹ̀yìn sókè, mo fi ọwọ́ yí pẹ́dàlì, a ń retí kílíìpù kó yọjú. Ó yọjú. Ó dára, orí ló ṣáájú, ó le dan-in.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé ọwọ́ mi ò lè ṣàṣìṣe. Mi ò lè bá a rín in. Kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ dojú dé, ọwọ́ mi so ó bó ṣe yẹ. Ti Kánkán dojú dé, ọwọ́ kan náà so ó sódì. Lọ́jọ́ méjèèjì, ọwọ́ ò bi mí, mi ò sì bi ọwọ́. Mo jókòó sínú ìyẹ̀fun pákó yẹn, mò ń wo ìka mi bí ẹni ń wo àlejò.

"Ẹ dìde, Bàbá," Kánkán ní. "Ibo ni ayàwòrán yẹn ń gbé?"